Kẹ́, kẹ́, kẹ́: ìtàn ariwo inú hard disk, láti ọdún 1956 títí dé orí tábìlì wa

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ra hard disk tuntun fún kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kún, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá sì ti dé ọrùn. Ohùn àwọn ìyá aláṣọ-òkè ló ń gbà sílẹ̀, ó lé ní wákàtí 20 lápapọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti jáde láyé kí sáà tó parí. Ohùn ìyá yìí kò sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú laptop yẹn.

Ó tú ìdí laptop, ó yọ disk àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó sì kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ, fáànù yàrá dákẹ́, a sì gbọ́ ọ. Nǹkan kan ń dún hùùù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí oyin nínú igbá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òmíràn á tún dún kẹ́. Á dákẹ́. Kẹ́. Tó bá sì ṣí fáìlì ńlá báyìí, gìrìrì gìrìrì, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò.

Ẹnì kan ní kó pa á kíákíá. Ẹnì kejì ní bí disk tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn, pé yóò tó mọ́ra. Ẹnì kẹta ní òun ti gbọ́ pé tí a bá gbé e sínú fírísà mọ́jú, ara rẹ̀ á balẹ̀. A jiyàn títí, ìgbà yẹn la wá rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tó ń dún nínú àpótí irin náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn méjì nínú wa ń kà. Ìyẹn ló mú wa lọ wá ìtàn rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kò sí ariwo kankan nínú disk tí kò ní ọdún tí wọ́n bí i àti ìdí tí wọ́n fi bí i.

Àwo 50 nínú àpótí kan

Kí hard disk tó dé, páálí tí wọ́n dá ihò sí àti téèpù ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ìṣòro téèpù ni pé tí orúkọ tí o ń wá bá wà ní ìparí, o ní láti yí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, IBM rán Reynold Johnson lọ sí ìlú San Jose ní California láti dá ilé ìwádìí tuntun sílẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń máàkì ìdánwò ló fi di ẹni tí IBM gbà síṣẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, IBM gbé kọ̀ǹpútà 305 RAMAC jáde. Apá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n pè ní IBM 350, òun sì ni hard disk àkọ́kọ́ tí wọ́n tà láyé. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò lérí ara wọn, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 24. Wọ́n fi ọ̀dà tó ní èròjà irin kun àwọn àwo náà kí òòfà lè fi àmì sí wọn lára. Wọ́n ń yí ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Odindi ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Ní ìṣirò tòní, kò tó mẹ́gábáìtì 4. Orin kan ṣoṣo lórí fóònù wa lè kún un. Owó tí wọ́n fi ń yá RAMAC lóṣù jẹ́ dọ́là 3,200.

Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rọ giramafóònù àwọn bàbá wa rí yóò tètè lóye bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwo ń yí, apá kan sì gùn wá síwájú tó gbé ohun tó ń kà á dání. Ìyàtọ̀ wọn ni pé abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fara kan àwo. Èèwọ̀ ni fún ti disk. Orí tó ń kà tó sì ń kọ kò gbọ́dọ̀ fara kan àwo, nítorí ní irú eré tí àwo ń sá yẹn, ó máa họ ọ̀dà ara rẹ̀ dànù, àkọsílẹ̀ á sì bá a lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gba inú orí náà, kí atẹ́gùn lè tì í kúrò lára àwo. Apá kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwo 50. Ó máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, kó tó wọ àárín àwo tó bá fẹ́.

Ìró ẹ̀rọ atẹ́gùn, ìró apá tó ń lọ sókè sódò, ìró àwo ńlá 50 tó ń yí papọ̀: kò sí ẹni tó máa dúró ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí yóò béèrè pé kí ló ń dún.

Orí tó ń fò

Ní ọdún 1961, IBM kéde disk mìíràn, 1301. Nínú eléyìí, ojú àwo kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀, wọn kò sì nílò ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn mọ́. Bí àwo bá ń sáré, ó ń fa afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́ orí náà lọ́nà tí afẹ́fẹ́ yẹn yóò fi gbé e dúró, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Láti ìgbà náà ni orí disk ti ń fò.

Ìgbésẹ̀ tó mú wa dé ibi tí a wà lónìí wáyé ní ọdún 1973 pẹ̀lú IBM 3340. Kenneth Haughton ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò ni apá méjì, mẹ́gábáìtì 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 30-30 yìí ló rán an létí ìbọn Winchester kan tí wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀, ni orúkọ Winchester bá lẹ̀ mọ́ irú disk yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n sé orí àti àwo mọ́ inú àpótí kan náà kí eruku má baà wọlé. Orí náà fúyẹ́ gan-an, wọ́n sì fi òróró díẹ̀ sí ojú àwo. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, orí á rọra balẹ̀ sórí àwo, á sì sùn síbẹ̀. Tí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ wọ́ díẹ̀ kó tó fò. Ṣíííí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń gbọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí nígbà náà, ara rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ lè mọ bí ààyè náà ti há tó: irun orí ènìyàn nípọn tó nánómítà 50,000 sí 100,000. Orí disk òde òní kò ga kúrò lójú àwo ju nánómítà díẹ̀ lọ. Eruku kan ṣoṣo tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí disk wò nínú yàrá hostel, kódà bó bá fọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà méje.

Gìrìrì àti ìbátan rẹ̀ sípíkà

Ní ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Alan Shugart, tí a mọ̀ sí Seagate lónìí, gbé ST-506 jáde. Íńṣì 5 àti ìdá mẹ́rin kan ni ìwọ̀n rẹ̀, mẹ́gábáìtì 5 ló ń gbà, ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹ fi wé RAMAC tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kò tíì pé ọdún 25 láàárín wọn. Ní ọdún 1983, Rodime ti ilẹ̀ Scotland gbé ti íńṣì 3 àbọ̀ jáde. Ní ọdún 1988, PrairieTek ní Amẹ́ríkà gbé ti íńṣì 2 àbọ̀ jáde, mẹ́gábáìtì 20. Ìwọ̀n yẹn náà ló wà nínú laptop wa.

Nínú àwọn disk kékeré àkọ́kọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì kan tó ń fò láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, bí ọwọ́ aago, ló ń gbé orí káàkiri. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìṣòro tó tún wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yẹn kò mọ ibi tí ojú ìlà wà lóòótọ́. Ó kàn ń ka ẹsẹ̀ ni. Tí ooru bá mú kí àwo fẹ̀ díẹ̀, ibi tí ó rò pé òun wà kọ́ ló wà.

Ọ̀nà mìíràn ti wà nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá IBM láti àwọn ọdún 1960. Wáyà tí wọ́n wé ni, tí wọ́n fi sí àárín òòfà líle. Tí iná bá wọ wáyà náà, òòfà á tì í tàbí kó fà á, orí á sì sún. Ohun kan náà yìí gan-an ló ń mú páálí sípíkà gbọ̀n tí a fi ń gbọ́ orin, orúkọ kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń pe méjèèjì. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, ó ti gba ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ nínú disk kéékèèké. Nítorí náà, gìrìrì tí a ń gbọ́ nígbà tí fáìlì bá ń ṣí kì í ṣe pé nǹkan ń họ nǹkan. Ìbátan sípíkà ló ń sáré síwá sẹ́yìn, tó ń wá ibi tí fáìlì wà. Tí fáìlì bá fọ́n káàkiri, ó máa sáré púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun yìí bí ariwo mìíràn. Orí kò ka ẹsẹ̀ mọ́. Àmì tí wọ́n kọ sójú àwo láti ilé iṣẹ́ ló ń kà kó tó mọ ibi tó wà. Tí àmì náà bá bàjẹ́, tàbí tí orí fúnra rẹ̀ kò ríran mọ́, ó máa wá a, kò ní rí i. Yóò padà sẹ́yìn títí tí apá yóò fi kan ibi ìdádúró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ariwo tí ayé ń pè ní kíliìkì ikú nìyẹn. Afọ́jú tó ń wá ẹnu ọ̀nà ni.

Ariwo kẹta wá láti ìdí àwo. Orí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ni àwo ń yí lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí bọ́ọ̀lù náà bá ti ń jẹ, disk á máa han wíííí. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró dípò bọ́ọ̀lù, ariwo náà sì lọ sílẹ̀ gan-an. Àwa tí a bá disk nígbà tí ó ti dákẹ́ la wá ń fò sókè nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀.

Kíliìkì ikú dé ilé ẹjọ́

Ní ọdún 1994, Iomega gbé ẹ̀rọ Zip jáde. Kì í ṣe hard disk. Àwo rọ̀gbọ̀dọ̀ inú páálí ike ni, mẹ́gábáìtì 100, tí ènìyàn lè yọ kó sì gbé lọ. Ó tà wàràwàrà. Nígbà tó yá, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́. Ibi tó burú sí ni pé àwo tí orí tó bàjẹ́ bá ti ya etí rẹ̀ lè ba orí ẹ̀rọ mìíràn jẹ́ tí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́, bí àìsàn tó ń ràn. Ní ọdún 1998, àwọn oníbàárà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó kan IBM, ẹni tó bí hard disk. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé Deskstar 75GXP jáde, àwọn ènìyàn sì yìn ín pé ó yára. Kò pẹ́ tí disk wọ̀nyí fi ń kú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tó rà á. Àwọn oníbàárà yí orúkọ rẹ̀ padà sí Deathstar, ìràwọ̀ ikú. Ní ọdún 2001, wọ́n pe IBM lẹ́jọ́. Ní ọdún 2002, IBM gbà láti ta iṣẹ́ hard disk rẹ̀ fún Hitachi, ní iye tó tó bílíọ̀nù 2 dọ́là. A kò sọ pé disk kan ṣoṣo ló lé IBM kúrò nínú òwò náà, nítorí òwò yẹn ti le tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó ọdún 50 lẹ́yìn RAMAC tí ìyá fi ta ọmọ rẹ̀.

Kí ènìyàn má baà dúró de ariwo ni wọ́n ṣe dá SMART sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990. Disk fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé àìsàn rẹ̀: iye wákàtí tó ti lò, iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára àwo, iye ìgbà tí orí ti lọ sinmi. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe babaláwo. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí Google tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí disk tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé tí disk bá ní àṣìṣe kíkà àkọ́kọ́ nígbà àyẹ̀wò ojú àwo, ó ṣeé ṣe kó kú láàárín ọjọ́ 60 ní ìlọ́po 39 ju èyí tí kò ní lọ. Wọ́n tún rí i pé nínú àwọn disk tó kú, ó lé ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún tí SMART kò sọ ohunkóhun nípa wọn rárá. Wọ́n kàn kú ni.

Kẹ́ ti laptop

Ó wá ku kẹ́ tiwa. Laptop ń rìn. Ó ń bọ́ lórí ìbùsùn, ó ń fò nínú ọkọ̀. Tí orí bá sùn sórí àwo nígbà tí nǹkan bá gbọn laptop, àwo á fara gbọgbẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe àkàbà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo, tí orí máa ń gùn lọ sinmi. Gígùn yẹn ló ń dún kẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kí bátìrì pẹ́, wọ́n á ní kí orí tètè máa lọ sinmi tí kò bá síṣẹ́, àwọn disk mìíràn kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ṣùgbọ́n iye ìgbà tó lè gun àkàbà náà ní òpin. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọ 300,000 tàbí 600,000 sínú ìwé disk laptop. Ní ọdún 2007, ọ̀rọ̀ yìí dá ariwo sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo Linux, pàápàá Ubuntu, nígbà tí wọ́n rí i pé orí disk wọn ń lọ sinmi láìdáwọ́dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí orí bá ń sinmi lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 60 ni ní wákàtí kan. 300,000 á pé ní wákàtí 5,000. Ẹni tó ń lo laptop wákàtí 8 lójúmọ́ yóò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 625, kò tó ọdún méjì.

Ohun tí a bá nínú disk wa

Pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́wọ́, a padà sí orí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde ní ẹ̀ka wa, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe báyìí, la kọ́kọ́ pè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wa kò kan ariwo rárá. Wọ́n ní, “Disk àtijọ́ dà?” Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó ni ín ti fẹ́ nù ún nù pátápátá kó lè tà á, kó fi dí owó tuntun. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ kó fáìlì yín jáde ná, kẹ́ ẹ tó máa wá ariwo kiri.”

Ohùn mẹ́ta ló gbà lẹ́yìn tó pààrọ̀ disk, tí kò sí nínú ti àtijọ́. Àwọn yẹn la kọ́kọ́ dà sórí fláàṣì, lẹ́yìn náà la dà wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn la tó tú ìdí laptop.

Hùùù ló kọ́kọ́ yanjú. Disk tó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gbọn ohun tó bá fara tì. Rọ́bà kéékèèké tó wà létí disk àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. A kò rántí gbé e sí tuntun, nọ́ọ̀tì méjì péré la sì dè nínú mẹ́rin. A fi rọ́bà sí i, a de nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oyin kúrò nínú igbá.

Kẹ́ ni a wá wò nínú ìwé SMART. Gbogbo ìgbà tó bá dún, iye ìgbà tí orí sinmi ń fi ẹyọ kan lé sí i. Àkàbà ni, kì í ṣe ikú. Gìrìrì náà kò burú, ìbátan sípíkà ni. A ti fẹ́ jó.

Ìgbà náà ni a wo ìlà tó kọjú sí wákàtí tó ti lò. Ó lé ní 11,000. Disk tí wọ́n tà fún wa bí tuntun, nínú ọ̀rá tuntun, ti ṣiṣẹ́ fún iye wákàtí tí ẹni tó ń lo laptop wákàtí 8 lójúmọ́ máa fi ju ọdún mẹ́ta àbọ̀ lò. Ojú ibi mẹ́rìnlélógún lára àwo rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ariwo tó ń bà wá lẹ́rù kò ní ẹ̀bi. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù kò dún rárá.

A dá disk náà padà fún ẹni tó tà á, pẹ̀lú ìwé SMART tí a tẹ̀ jáde. Ó jiyàn díẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó fún wa lẹ́ẹ̀kejì, a wo wákàtí rẹ̀ níwájú rẹ̀ kí a tó sanwó àjọsàn: 2. Ní ti fírísà, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ìrì tó máa sẹ̀ sójú àwo tó bá bọ́ sínú ooru tó láti pa orí tó ń fò ní ìwọ̀n nánómítà díẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí iṣẹ́ ìwádìí yín ṣì wà lórí laptop kan ṣoṣo, igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ dà á sí ibòmíràn lónìí, ì báà ṣe disk tó ń pariwo, ì báà ṣe èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ṣe tán, a tan ohùn ìyá olóògbé náà. Wọ́n ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta òwú, aṣọ-òfì ń dún lẹ́yìn wọn, kẹ́, kẹ́, kẹ́. A jókòó, a gbọ́ ọ títí ó fi parí.